Alùpùpù ńlá yìí wúwo lọ́wọ́ mi: báwo ni ọkàn mi yóò ṣe balẹ̀ lórí rẹ̀?

Olùkọ́ Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Olùkọ́ ni mí ní Abẹ́òkúta, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń gun Boxer 100 lọ sí ilé-ìwé, n kò sì ka ara mi kún ẹni tí ojú pópó ń dẹ́rù bà. Láìpẹ́ yìí ni mo ra Suzuki V-Strom 650 tòkunbọ̀, nítorí pé ẹbí mi wà ní Ìbàdàn àti ní Ṣakí, mo sì fẹ́ ohun tí yóò gbé mi rin ọ̀nà jíjìn láìjẹ́ pé gbogbo eegun mi ń dùn mí nígbà tí mo bá dé. Bí ó bá ti ń sáré, n kò ní ìṣòro kankan. Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju Boxer lọ fíìfíì. Ìgbà tí kò bá sáré ni àyà mi ń já. Bí mo bá fẹ́ dúró nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Pànṣẹ́kẹ́, bí mo bá fẹ́ gbéra ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtòkò, tàbí bí mo bá fẹ́ yí padà ní àdúgbò tóóró, a máa ṣe mí bíi pé ó fẹ́ dà lé mi lẹ́sẹ̀. N kò ga púpọ̀, orí ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ni ó ń kan ilẹ̀. Ẹni tí ó tà á fún mi sọ pé kí n kàn máa fi agbára dì í mú. Ṣé agbára apá ni mo nílò lóòótọ́?

Àgbà Ọ̀nà, Ìbàdàn

Olùkọ́, ẹ kú oríire. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ agbára apá yẹn, nítorí òun ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń bọ́ láti orí alùpùpù kékeré sórí ńlá lọ́nà. Alùpùpù yín tó nǹkan bíi 214 kg nígbà tí epo bá kún inú rẹ̀. Boxer tí ẹ fi sílẹ̀ kò ju díẹ̀ lé ní 100 kg lọ. Kò sí apá tí yóò gbé 214 kg dúró bí ó bá ti yẹ̀ kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró gbọnrangandan, ọwọ́ kan péré ni ẹ ó fi dì í mú, tí ẹ ó sì máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ yín kọ́ ni pé kí ẹ gbé e. Iṣẹ́ yín ni pé kí ẹ má jẹ́ kí ó yẹ̀ ní ìwọ̀nba mítà díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù kí ó tó dúró, àti ní ìwọ̀nba mítà díẹ̀ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Láàárín méjèèjì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ara rẹ̀ ró.

Ohun tí ó sábà máa ń dá alùpùpù ńlá ṣubú nígbà tí kò sáré ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ ni bíréèkì iwájú tí a tẹ̀ nígbà tí háńdù ṣì ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Táyà iwájú dúró lójijì, gbogbo ìwúwo ọkọ̀ rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí háńdù dojú kọ, ó di ilẹ̀. Ẹ mú háńdù tọ́ kí ẹ tó dúró. Bíréèkì iwájú ni ẹ ó fi mú eré kúrò, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ku díẹ̀, ẹ rọra tú u, kí ẹ sì fi ti ẹ̀yìn parí rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ni yóò kanlẹ̀. Ti ọ̀tún kò gbọdọ̀ kúrò lórí bíréèkì ẹ̀yìn. Ojú yín náà ṣe pàtàkì: ẹ wo ibi tí ó jìnnà níwájú, nítorí pé ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ ilẹ̀, ilẹ̀ náà ni alùpùpù rẹ̀ yóò wá.

Ọwọ́ òsì ni ìbàlẹ̀ ọkàn ti ń wá gan-an. Bí ẹ ti ń tú kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn irin tí ìka ọwọ́ òsì ń fà láti já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà, sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ibì kan wà tí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú táyà ẹ̀yìn, tí ohùn ẹ́ńjìnnì yóò rẹlẹ̀ díẹ̀, tí ẹ ó sì rí i pé ọkọ̀ fẹ́ gbéra. Ẹ wá ibi gbalasa tí a da ọ̀dà sí, irú àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ tí kò sí ìsìn, tàbí títì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ Òkè Mòsàn ní ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà nílé. Ẹ jẹ́ kí ó sún síwájú bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì padà, kí ó dúró. Ẹ tún un ṣe títí ọwọ́ yín yóò fi mọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ronú sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, kí ọwọ́ ọ̀tún fún ẹ̀rọ ní epo díẹ̀ tí kì í lọ sókè sódò, kí kílọ́ọ̀ṣì máa pín eré, kí ẹ sì máa tẹ bíréèkì ẹ̀yìn fẹ́ẹ́rẹ́ láìtú u tán. Bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò tàbí kí ó máa mì bí ẹ ti ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá lè rìn ju ẹlẹ́sẹ̀ lọ ní ìwọ̀nba díẹ̀, tí ẹsẹ̀ kò bọ́ sílẹ̀, ẹ kò ní bẹ̀rù Pànṣẹ́kẹ́ mọ́.

Àwọn àṣà kan tún wà tí Boxer ti kọ́ yín tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì tí a ń wọ́ nílẹ̀ láàárín ọkọ̀ kò wúlò níhìn-ín, nítorí ẹsẹ̀ tí ó wà nílẹ̀ kò lè tẹ bíréèkì. Bíréèkì ẹ̀yìn nìkan, tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà gbójú lé, kò lè tètè dá ọkọ̀ yìí dúró, torí pé bí a bá ti ń dúró, ìwúwo a máa sún lọ síwájú, táyà ẹ̀yìn kò sì ní rí ohun púpọ̀ fi mú ilẹ̀. Jíà náà yàtọ̀. Lórí púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù kékeré, ìsàlẹ̀ ni a ń tẹ gbogbo jíà sí. Lórí tiyín, ọ̀kan ni ó wà nísàlẹ̀, márùn-ún yòókù wà lókè. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ lórí eré pẹ̀lú èrò pé jíà ń lọ sókè lè rí i kí táyà ẹ̀yìn máa fà gbọ̀rọ̀ nílẹ̀.

Ọ̀dọ́ Ọ̀ṣun, Òṣogbo

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àgbà, èrò tèmi ni pé kí Olùkọ́ tà á, kí ó sì ra èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 250 cc. Lẹ́yìn tí ó bá ti fi ìyẹn ṣe ọdún kan ni kí ó tó padà sí 650. Ní Yúróòpù pàápàá, ìpele ìpele ni òfin ń mú ènìyàn gùn ún: 125 ni ó kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé àṣẹ A2 tí kò gbà kí agbára ẹ́ńjìnnì ju 35 kW lọ, kí ó tó kan èyí tí kò ní ààlà.

Ìyá Ìbejì, Èkó

Ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ yín kò ṣaláì ní ọgbọ́n nínú fún ọmọ ogún ọdún tí eré ń wù. Ṣùgbọ́n Olùkọ́ kò sọ pé eré ni ìṣòro òun. Bí ó bá ta 650 tòkunbọ̀ lónìí, yóò pàdánù owó, ìbẹ̀rù ìdúró yẹn yóò sì dúró dè é títí yóò fi padà.

Olùkọ́, ẹ má da ara yín láàmú nítorí gíga. Obìnrin ni mí, n kò ga tó ọ̀pọ̀ ọkùnrin, èyí tí ó sì wúwo ju tiyín lọ ni mo ń gùn ní Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ibi tí mo bá ti dúró ra epo ni ẹnì kan yóò ti bi mí pé ti ọkọ mi ni àbí ti ẹ̀gbọ́n mi. Ìjókòó V-Strom ga tó 835 mm. Kò pọn dandan kí ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀. Bí ẹ bá ti fẹ́ dúró, ẹ sún ìdí yín díẹ̀ sí òsì lórí ìjókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ òsì lè balẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Orí ìka ẹsẹ̀ méjì a máa yọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ kan tí ó rinlẹ̀ tó. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má fi sálúbàtà gùn ún. Bàtà tí ó bo ọrùn ẹsẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le tí ó sì ń di ilẹ̀ mú, yóò ràn yín lọ́wọ́ ju gígé ìjókòó lọ.

Kí ẹ tó dúró, ẹ ti gbọ́dọ̀ yan ibi tí ẹsẹ̀ yóò bà sí. Etí títì wa dà sí ọ̀nà gọ́tà kí omi lè ṣàn, ẹni tí ó bá sì dúró sí etí ọ̀tún tí ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò rí i pé ilẹ̀ ti lọ kúrò níbi tí òun rò pé ó wà. Ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀ ti ga ni kí ẹ na ẹsẹ̀ sí. Ẹ sá fún yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti ibi tí epo dísẹ́ẹ̀lì ti dà sílẹ̀. Mítà kan síwájú tàbí mítà kan sẹ́yìn lè jẹ́ ìyàtọ̀.

Ní ti Ìtòkò, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí bíréèkì ẹ̀yìn, òsì nílẹ̀. Ẹ fún un ní epo ju ti ilẹ̀ títẹ́jú lọ díẹ̀, ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì dé ibi tí Àgbà júwe yẹn, ẹ óò gbọ́ bí ohùn ẹ́ńjìnnì yóò ṣe rẹlẹ̀, ẹ óò sì mọ̀ ọ́n lára pé ọkọ̀ ń ti bíréèkì. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó tú bíréèkì. Kò ní yí padà sẹ́yìn rárá. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sílẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí imú rẹ̀ kọ òkè, kí ó sì wà ní jíà kìn-ín-ní, nítorí pé bí imú bá kọ ìsàlẹ̀, yóò yí kúrò lórí sítáńdì rẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, ọ̀dà títì a máa rọ̀, sítáńdì a sì wọ inú rẹ̀. Èmi a máa fi pákó pẹlẹbẹ kan sínú àpò mi nítorí rẹ̀.

Ohun kan tí ó kù: mẹkáníìkì kan lè sọ pé òun yóò rẹ ẹ̀yìn alùpùpù sílẹ̀ fún yín. Ẹ ṣọ́ra. Sítáńdì ẹ̀gbẹ́ yóò di èyí tí ó gùn jù, ọkọ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán lórí rẹ̀, ẹni tí ó bá fara kàn án lásán lè tì í ṣubú, iná iwájú yóò sì máa wo ojú ọ̀run. Dídín fóòmù ìjókòó kù díẹ̀ kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Mẹkáníìkì Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo fẹ́ gba ibòmíràn wọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí wọ́n ń gbé alùpùpù ńlá wá sọ́dọ̀ mi tí wọ́n ní ó wúwo, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé alùpùpù ni ó ń ṣàìsàn, tí ẹni tí ó ń gùn ún sì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Bí atẹ́gùn inú táyà iwájú bá ti lọ sílẹ̀, háńdù yóò wúwo, ọkọ̀ yóò sì máa fẹ́ dà sínú kọ́nà. Ẹ wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ nígbà tí táyà ṣì tutù, ẹ sì fi sí iye tí wọ́n kọ sára alùpùpù tàbí sínú ìwé rẹ̀. Kí ẹ má gba iye tí fọgánásà bá kàn dá lábàá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ọjọ́ orí táyà. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ DOT sí, ẹ óò rí nọ́ńbà mẹ́rin nínú àpótí kékeré kan: 3516 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ lè ṣì ní eyín tí ó dára lójú, ṣùgbọ́n kí rọ́bà rẹ̀ ti gan, tí kò ní di ilẹ̀ tí ó tutù mú mọ́. Ẹni tí ó bá jókòó lórí irú táyà bẹ́ẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò parọ́ fún un.

Ẹ tún jẹ́ kí ẹnì kan bá yín gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí ẹ rọra yí háńdù láti òsì sí ọ̀tún. Ó yẹ kí ó yọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá ń há díẹ̀ ní àárín, bíi pé ihò kékeré kan wà tí ó ń já sí, béríìn ọrùn rẹ̀, èyí tí háńdù ń yí lé lórí, ti jẹ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò lè gun irú rẹ̀ tọ́ ní ìrìn díẹ̀díẹ̀. Ṣéènì tí ó bá dẹ̀ jù a máa jẹ́ kí ọkọ̀ fò tọ́ọ́ nígbà tí ẹ bá fún un lépo. Okùn ni ó ń fa kílọ́ọ̀ṣì V-Strom 650, ẹ lè tún un ṣe kí ibi tí ó ti ń mú bá ìka yín mu. Bí a kò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ omi bíréèkì kẹ́yìn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. A máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ọdún méjì sì tó fún un.

Ní àkókò tí ẹ ń kọ́ ọ, ẹ má rọ epo kún táńkì. Táńkì yín gba 20 lítà, ìyẹn tó 15 kg, ibi gíga lórí ọkọ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì wà. Ìlàjì táńkì tó fún àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì.

Ará Leeds, Gẹ̀ẹ́sì

Mo kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Òótọ́ ni Ọ̀dọ́ sọ nípa ìpele, ṣùgbọ́n níbí, ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 24 lè kọ́ lórí alùpùpù ńlá tààrà, bí olùkọ́ tí ó ní àṣẹ bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń dán wa wò kò sí lórí eré púpọ̀. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n to kóònù sí ni a ti ń ṣe é: ẹ óò wọ́ láàárín kóònù, ẹ óò ya nọ́ńbà 8, ẹ óò rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń bá ẹlẹ́sẹ̀ rìn, ẹ óò yí padà láàárín ìlà méjì láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ óò sáré dé ó kéré tán 50 km/h kí ẹ sì dúró lójijì. Ẹ lè fi ike omi tí ẹ bu yanrìn díẹ̀ sí nínú ṣe kóònù.

Yíyí padà yẹn ni ó máa ń le jù. Ẹ yí orí yín pátá wo ibi tí ẹ fẹ́ lọ, àgbọ̀n yín yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká. Ẹ jẹ́ kí alùpùpù dà sí inú kọ́nà nígbà tí ara yín dúró ṣánṣán tàbí tí ó tẹ̀ sí òdìkejì díẹ̀. Epo kò gbọdọ̀ já, kílọ́ọ̀ṣì wà níbi tí ó ti ń mú, ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ kan bíréèkì iwájú. Bí ẹ bá rí i pé ó fẹ́ ṣubú sínú, ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò fà á, èyí sì ni ó ń mú agbára kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ ní ìgbà tí ó nílò rẹ̀ jù.

Lórí eré, ọ̀nà mìíràn ni háńdù ń gbà ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ti kọjá nǹkan bíi 20 km/h, tí ẹ sì fẹ́ lọ sí ọ̀tún, ẹ ti háńdù ọ̀tún síwájú fẹ́ẹ́rẹ́, ọkọ̀ yóò dà sí ọ̀tún. Ẹ ti ń ṣe é lórí Boxer láìmọ̀. Lórí ọkọ̀ tí ó wúwo, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣe é, kí ẹ lè ṣe é kíákíá bí kòtò bá yọ níwájú.

Bí alùpùpù yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jàpáánù, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀, òsì sì ni iná iwájú rẹ̀ ń kọjú sí bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, láti 1972 tí ọkọ̀ ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún, ojú ẹni tí ń bọ̀ ni irú iná bẹ́ẹ̀ ń wọ̀. Ẹ jẹ́ kí Mẹkáníìkì bá yín wò ó.

Olùkọ́ Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ kò ní ṣàárẹ̀. Mo ti gbé táyà iwájú sókè, háńdù yọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn ti pẹ́ láyé, mo ti ń wá òmíràn. Mo sì ti ń lọ sí Òkè Mòsàn. Ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀ṣì yẹn ti ń yé ọwọ́ mi. Ìbéèrè kan ni ó kù: bí ó bá ṣubú tí kò sí ẹnì kankan nítòsí, báwo ni mo ṣe ń gbé e dìde? Ó dà bíi pé ìbéèrè yìí gan-an ni ó wà lábẹ́ gbogbo ìbẹ̀rù náà.

Ìyá Ìbejì, Èkó

Bí ó bá ti kọjá ààlà, ẹ jẹ́ kí ó lọ, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ara ọkọ̀ nìkan ni ó máa bó. Ẹni tí ó bá takú pé òun yóò dì í mú ni ó ń fi ẹ̀yìn àti eékún sanwó.

Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì wò ó bóyá epo ń jò. Bí ó bá ṣubú sí ọ̀tún, ẹ na sítáńdì jáde kí ẹ tó gbé e, kí ó má baà ṣubú sí òdìkejì. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, ẹ fi sí jíà kìn-ín-ní kí ó má yí. Ẹ yí háńdù dé òpin, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, kí ẹ lóṣòó tí ìdí yín fi kan etí ìjókòó. Ọwọ́ kan di orí háńdù tí ó wà nísàlẹ̀ mú, èkejì di irin tí ó le mú ní abẹ́ ìjókòó. Ẹ̀yìn yín yóò tọ́, ojú yín yóò wo iwájú. Ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi tì í, ẹ ó máa fi ìṣísẹ̀ kéékèèké rìn sẹ́yìn títí yóò fi dìde. Ẹ ṣe é fún ìdánwò ní orí koríko, kí ẹnì kan dúró tì yín, kí ẹ tẹ́ àkísà nípọn sábẹ́ rẹ̀.

Àgbà Ọ̀nà, Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì ti parí iṣẹ́. Díẹ̀ ni tèmi lórí ọ̀nà Ìbàdàn, torí mo mọ̀ pé ẹ óò fẹ́ bọ̀ kí oṣù tó parí. Ẹ wo ìwé àṣẹ ìwakọ̀ yín bóyá A wà lórí rẹ̀, nítorí B tí ọlọ́kọ̀ ń lò kò ka alùpùpù mọ́ ọn, Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó yóò sì bi yín. Ẹ ra hẹ́límẹ́ẹ̀tì tí ó bo àgbọ̀n, tí kò mì bí ẹ bá mi orí, tí ẹ sì ń so okùn rẹ̀. Àwa tí a rí ọdún 2009, nígbà tí wọ́n fi dandan lé hẹ́límẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọlọ́kadà kan sì ń dé igbá, a mọ̀ pé ohun tí a dé nítorí ọlọ́pàá yàtọ̀ sí ohun tí a dé nítorí orí.

Ẹ gbéra ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ níwájú: lórí 100 km/h, ẹ óò ti rin mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ọwọ́ tilẹ̀ tó kan bíréèkì. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ dúró síbì kan títí yóò fi fọ títì, nítorí gbogbo epo tí ó ti ń jò sílẹ̀ láti oṣù wọ̀nyí wá ni yóò léfòó. Ìyàwó yín yóò fẹ́ bá yín wá, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó wọ bọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn a máa fi ìwúwo kún un ní ibi gíga, a sì máa mì nígbà tí ẹ kò retí. Ìgbà tí ẹ bá ti lè yí padà láàárín títì láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀ ni kí ẹ tó gbé e, kí ẹ sì kọ́kọ́ kọ́ ọ láti jókòó jẹ́ẹ́, kí ó má sọ̀ kalẹ̀ àyàfi tí ẹ bá ní kí ó sọ̀.